De Zerbi gun àkàsọ̀, Pirlo bọ́ sórí àjà

Agbègbè Brescia ní Ítálì ni wọ́n ti bí Andrea Pirlo àti Roberto De Zerbi, agbábọ́ọ̀lù méjì tó wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ọdún 1979. Pirlo gba ife àgbáyé ní 2006. De Zerbi ní tiẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé ojú kan: Foggia, Catania, Napoli, Avellino, ó tiẹ̀ dé Cluj ní Románíà.

Nígbà tó di iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, Darfo Boario ni De Zerbi ti bẹ̀rẹ̀ ní 2013, nínú Serie D, ìpele kẹrin bọ́ọ̀lù Ítálì, níbi tí èrò ò ti pọ̀ lórí pápá. Ó tún gba iṣẹ́ Foggia. Palermo lé e kí oṣù mẹ́ta tó pé. Benevento já kúrò ní Serie A, líìgì àgbà Ítálì, lójú rẹ̀. Àmọ́ gbogbo ìyà yẹn ló fi ń tún ọgbọ́n rẹ̀ dá. Ẹ wo aṣọ́lé rẹ̀: á fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, á dúró jẹ́ẹ́, títí alátakò á fi sáré wá, àyè á sì ṣí lẹ́yìn ẹni yẹn. Àyà mi máa ń já tí mo bá ń wò ó! Ọgbọ́n yìí ló fi gbé Brighton dé ipò kẹfà nínú Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2023.

Pirlo ńkọ́? Oṣù keje ọdún 2020 ni Juventus fún un ní ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, wọ́n lé Sarri, akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ àgbà, wọ́n gbé ikọ̀ náà lé Pirlo lọ́wọ́, láìtíì darí ìdíje kan rí. Ó gba ife méjì, ó ṣe ipò kẹrin, wọ́n ní kó máa lọ. Ká ní èmi ni, màá bẹ̀bẹ̀ fún ọdún méjì sí i lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́.