Il Gattopardo: ẹ̀dà gígùn ni kí ẹ wá

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wo fíìmù yìí, tí Luchino Visconti ṣe lọ́dún 1963 láti inú ìwé Giuseppe Tomasi di Lampedusa. Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gé kúrú ni mo kọ́kọ́ rí, oorun sì gbé mi lọ. Ti Ítálì, tó lé ní wákàtí mẹ́ta, ló là mí lójú.

Sísílì, erékùṣù gúúsù Ítálì, ni, lọ́dún 1860. Garibaldi, ọ̀gágun tó ń jà kí Ítálì lè di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, àtàwọn ọmọ ogun rẹ̀ ẹlẹ́wù pupa ti gúnlẹ̀, ayé àwọn ọlọ́lá àtijọ́ sì ń wọmi. Burt Lancaster ló ṣe Ọmọọba Fabrizio, bàbá tó mọ̀ pé ìgbà òun ti lọ. Tancredi, ọmọ arábìnrin rẹ̀ (Alain Delon), bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ lọ, ó sì padà wá gbé ojú lé Angelica (Claudia Cardinale), ọmọ olówó tuntun.

Nígbà tí ìdílé Fabrizio ti ọ̀nà jíjìn dé Donnafugata, ìlú tí wọ́n ti máa ń lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbà lọ tààrà. Bí wọ́n ṣe jókòó, tí eruku bo ojú bo aṣọ, ère orí ibojì ni wọ́n jọ. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ náà sì ti yé mi.

Ìjà ìgboro Palermo ni kò wọ̀ mí lọ́kàn. Kò kúkú sí nínú ìwé.

Àmọ́ agbo ijó ìparí! Nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 ni, ní ààfin Gangi ní Palermo. Àwọn kan ní ó gùn jù. N kò gbà. Ooru mú, abẹ̀bẹ̀ ń lọ ń bọ̀, òógùn bo bàbá. Ó yà sí yàrá ìwé, ó dúró ti àwòrán ọkùnrin tó ń kú lọ, ó ń ro tirẹ̀. Ibẹ̀ ni Angelica ti bẹ̀ ẹ́ kó wá bá òun jó. Orin Verdi, akọrin-sílẹ̀ ará Ítálì, ni wọ́n jó sí. Ara bàbá tún yá gágá, ojú gbogbo èèyàn sì wà lára wọn. Kò pẹ́ sí i, òun nìkan ló kù níwájú dígí, omijé lójú. Ẹni tí kò bá bá a jókòó ti ooru yẹn títí, báwo ni omijé yẹn ṣe fẹ́ dùn ún?

Visconti kò fi ikú bàbá náà hàn bí ìwé ti ṣe. Ní ìdájí, ó kúnlẹ̀ lójú pópó, ó dìde, ó sì rìn wọ kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn.