Agbọ́n inú ife tí mo rà sóko ìrèké mi ní Piracicaba

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Èyí tó ń jẹ ìrèké tèmi, inú igi gan-an ló kọ́lé sí. Broca ni wọ́n ń pè é ní Brazil níbí. Àfòpiná ló ń yé ẹyin rẹ̀ sára ewé. Bí ìdin bá ti lágbára díẹ̀, á lu igi wọlé. Ihò yẹn ni àrùn ń gbà wọlé, inú ìrèké á pọ́n, adùn rẹ̀ á sì lọ. Omi ìrèké ni mo ń fún tà. Ẹni tó bá ra èyí tí kò dùn lẹ́ẹ̀kan, kò ní padà wá.

Ọdún méjì ni mo fi ń fọ́n oògùn, oògùn ò bá ìdin nínú igi. Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta Cotesia flavipes. Agbọ́n ni, àmọ́ kì í ta èèyàn, kò sì tó ẹ̀fọn. Éṣíà ni orísun rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń lò ó níbí. Abo rẹ̀ á tọ ihò lọ bá ìdin, á yé bí ẹyin 50 sí i nínú. Àwọn ọmọ á jẹ ẹ́ láti inú, wọ́n á jáde, wọ́n á ran ilé funfun bí òwú.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀ já mi kulẹ̀. Ọ̀sán gangan ló gbé ife dé, nínú ọkọ̀ tó gbóná bí ààrò. Agbọ́n ti kú sílẹ̀ ife, kò sì dá owó mi padà. Ó dùn mí gan-an.

Ẹnì kejì mọ iṣẹ́. Kó tó tà fún mi, ó ní ká kọ́kọ́ la igi wò, ká ka ìdin. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló dé, ife wà nínú kúlà. Ife 4 fún hẹ́kítà kan, agbọ́n bí 1,500 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ń ṣí wọn ní mítà 50 síra wọn kí oòrùn tó mú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo la igi, mo sì rí òwú funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ìdin. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi wá wò ó.

Wọn ò kọ ọjọ́ tí àwọn agbọ́n jáde sára ife náà, ó sì yẹ kó wà níbẹ̀, torí agbọ́n yìí kì í lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ láyé. Síbẹ̀, mo ti ní kí ẹnì kejì yìí kó ife 8 mìíràn wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.