Ìwé Ìtàn Ìfẹ́ Òde Òní: Èwo Ni Kí Ẹ Fowó Rà Nínú Mẹ́ta?

Ẹni tó bá lọ ra ìwé ìtàn ìfẹ́ báyìí, oríṣi mẹ́ta ló máa bá: ìwé ọ̀wọ́ tínńrín bíi ti Mills & Boon, ìwé gígùn tó dá dúró láyè ara rẹ̀, àti èyí tí àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ wa kọ. Gbogbo wọn ló ń parí sí ayọ̀. Òfin ìtàn ìfẹ́ nìyẹn, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tìtorí rẹ̀ pẹ̀gàn yín. Nígbà tí ẹ sì ti mọ̀ pé ọkùnrin àti obìnrin inú ìtàn máa fẹ́ra, ìdíwọ́ tó wà láàárín wọn gan-an lẹ ń sanwó fún. Òun la fi díwọ̀n ìwé níbí.

Ìwé ọ̀wọ́

Gerald Mills àti Charles Boon dá ilé ìtẹ̀wé wọn sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1908. Harlequin, ilé ìtẹ̀wé ti Kánádà, rà á ní 1971. Ìwé kan máa ń tó 50,000 ọ̀rọ̀, nǹkan bí ojú ìwé 190, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin sì tó láti kà á tán. Orúkọ ọ̀wọ́ tó wà lára èèpo ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Modern ni ti ọkùnrin olówó rẹpẹtẹ. Medical ni ti dókítà àti nọ́ọ̀sì. Historical kì í ṣe ti òde òní rárá.

Ìwé kékeré yìí ò láyè fún ọ̀rẹ́ púpọ̀ tàbí ẹbí. Orí kìíní làwọn méjèèjì ti máa ń pàdé, ìdíwọ́ náà sì gbọ́dọ̀ hàn kíá. Iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ni, a ò sì fara mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pè é ní ìwé yẹpẹrẹ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀, tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn kó sì parí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, kò rí èyí tó sàn jù ú lọ.

Ewu ibẹ̀ ni ríra ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó jáde ní Modern ní Bìrìtìkó lè jáde ní Presents lábẹ́ Harlequin ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú èèpo mìíràn. Wọ́n tún máa ń di ìtàn àtijọ́ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ sínú ìwé kan, kí wọ́n sì fún un lórúkọ tuntun. Ẹ ṣí ojú ìwé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé níwájú: àkọlé àtijọ́ àti ọdún rẹ̀ máa ń wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àlòkù, ọdún yẹn tún ṣe pàtàkì. Nínú púpọ̀ lára àwọn ti 1970 sí 1989, ọkùnrin á fi tipátipá fẹnu ko obìnrin lẹ́nu, wọn á sì pè é ní ìfẹ́.

Ìwé gígùn

Èyí máa ń wà láàárín 80,000 sí 100,000 ọ̀rọ̀, ojú ìwé 300 sí 400. Iṣẹ́, ọ̀rẹ́ àti ẹbí ráyè wọlé, obìnrin a sọ tirẹ̀ ní orí kan, ọkùnrin a sọ tirẹ̀ ní èkejì. Àmọ́ níbí gan-an ni ìdíwọ́ ti ń dójú ti òǹkọ̀wé. Bí ìwé bá ní ojú ìwé 350, ìjà ńlá tó ń tú wọn ká sábà máa ń bọ́ sí 260 sí 280.

Ẹ jẹ́ ká fi méjì wéra. Nínú ti àkọ́kọ́, obìnrin rí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ tó dì mọ́ ọmọbìnrin kan nílé oúnjẹ, ó pa fóònù, ó wọkọ̀ lọ sílùú mìíràn. Orí mẹ́ta kọjá ká tó gbọ́ pé àbúrò ọkùnrin náà ni. Nínú ìkejì, obìnrin tí gbèsè bàbá rẹ̀ ti kó ìtìjú bá rí ti búra pé òun ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ lọ san owó ilé rẹ̀ fún lanlọ́ọ̀dù láìsọ fún un. Ìpè fóònù kan lè parí ìjà àkọ́kọ́. Kí ìkejì tó parí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ yí padà. Ìkejì ló yẹ lówó yín.

Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé ti Amazon, máa ń jẹ́ kéèyàn ka nǹkan bí ìdá mẹ́wàá ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú ojú ìwé 350, ìyẹn jẹ́ 35. Bí àwọn méjèèjì ò bá tíì bára wọn sọ̀rọ̀ títí dé ibẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Àwòrán bí ti àwọn ọmọdé lára èèpo kò túmọ̀ sí pé kò sí ọ̀rọ̀ ibùsùn nínú rẹ̀ o. Ẹ ka ohun tí àwọn òǹkàwé mìíràn sọ. Ìwé tí òǹkọ̀wé tẹ̀ fúnra rẹ̀, tó bá sì wà nínú Kindle Unlimited, ètò ìkàwé tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, ẹ má wá ti orí ẹ̀rọ rẹ̀ kiri lórí Kobo, ilé ìtàwé orí ẹ̀rọ mìíràn: àdéhùn Amazon kò jẹ́ kí wọ́n tà á níbòmíràn.

Ti ilẹ̀ wa

Cassava Republic, ilé ìtẹ̀wé kan ní Nàìjíríà, dá Ankara Press, ẹ̀ka ìtàn ìfẹ́ rẹ̀, sílẹ̀ ní 2014, orí ẹ̀rọ ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e lé. Ní ọjọ́ àwọn olólùfẹ́ 2015, wọ́n gbé àkójọ ìtàn kúkúrú kan jáde lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìtumọ̀ sí àwọn èdè Áfíríkà. Yorùbá wà lára wọn.

Nílẹ̀ wa, òǹkọ̀wé kò nílò láti ṣẹ̀dá ìdíwọ́. Ìyá tó béèrè pé "ọmọ ta ni, ará ibo ni?" ti tó ìdíwọ́. Àléébù tó wọ́pọ̀ ni kí òǹkọ̀wé máa ṣàlàyé gèlè àti mọ̀-ín-mọ̀-ín bí ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí i lẹ́ẹ̀mẹta nínú orí kìíní, kì í ṣe ẹ̀yin ló kọ ọ́ fún.

Bí ẹ bá ń ra ti bébà lórí àtẹ ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Lẹ́tà èèpo rẹ̀ máa ń ṣú bàìbàì, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń dún bí ẹ bá ṣí i láàárín. Ìdì olójú ìwé 16 tàbí 32 ni wọ́n sábà fi ń di ìwé, nítorí náà bí ìdì kan bá jábọ́, 16 tàbí 32 ló máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí ẹ bá a nílọ̀ọ́po méjì. Ẹ yẹ nọ́ńbà ojú ìwé wò láti 250 títí dé òpin kí ẹ tó sanwó, torí ibẹ̀ ni ìjà àti ìlàjà wọn wà.