Bílíìṣì, kilorín lẹ́búlẹ́bú tàbí kilorín oníhóró: èwo ni kí ẹ rà fún táǹkì omi yín?

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú ní ilẹ̀ Okun, tí kànga ń gbẹ láti Kàbà dé Ìsánlú, omi ọlọ́kọ̀ la máa ń rà sínú táǹkì, a ó sì máa ṣún un lò. Omi tó pẹ́ nínú ike tí oòrùn ń pa ni bakitéríà fẹ́ràn. Ẹ ki ọwọ́ bọ táǹkì tí ẹ kò fọ̀ láti èṣí, ẹ fi ìka ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ohun tó ń yọ̀ bí ilá yẹn ni ilé wọn, oògùn kì í sì í tètè ráyè wọ ibẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹni tó bá da kilorín lé ẹ̀gbin lórí, owó ló ń dà nù.

Kilorín ló ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ agbára wọn kò dọ́gba.

Bílíìṣì olómi wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, ẹ ó nílò nǹkan bíi lítà kan ààbọ̀ láti fi pa kòkòrò inú táǹkì lítà 1,000 tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹ pọn omi kún un, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó tú u dà nù. Fún omi tí ẹ máa lò lójoojúmọ́, mílílítà 60 tó fún lítà 1,000. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30. Àìdáa rẹ̀ ni pé ooru ń jẹ agbára rẹ̀. Ìgò tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn, ẹ má rà á. Ẹ má ra olóòórùn dídùn náà, ti aṣọ nìyẹn.

Èmi fúnra mi, lẹ́búlẹ́bú ni mo máa rà fún ilé tó léèrò, ilé ìwé tàbí ilé ìjọsìn. Agbára rẹ̀ máa ń tó 65% sí 70%, nítorí náà gíráàmù 77 ló ń ṣe iṣẹ́ lítà kan ààbọ̀ bílíìṣì yẹn. Ti ojoojúmọ́ kò ju gíráàmù 3 lọ, kò kún ṣíbí tíì. Bí ọ̀rinrin kò bá dé ibẹ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun eré o! Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹrosíìnì, dísù tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ó lè gbiná. Inú omi ni kí ẹ da ìyẹ̀fun sí, ẹ má da omi lé ìyẹ̀fun. Bó bá pàdé ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́, èéfín olóró ló ń tú jáde. Èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá láìsí àkọlé, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Oníhóró mílígíráàmù 67, kẹ́ẹ̀gì lítà 20 ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ ṣírò rẹ̀: táǹkì lítà 1,000 yóò gba hóró 50. Omi mímu lóko tàbí lójú ọ̀nà ló yẹ ẹ́.

Álọ́ọ̀mù ńkọ́? Kì í pa kòkòrò, ìdọ̀tí ló ń mú sílẹ̀. Bí omi bá rú, ẹ lò ó nínú dúrọ́ọ̀mù ṣáájú, torí ẹrẹ̀ máa ń jẹ kilorín tán kó tó kan bakitéríà.

Omi bọ́hòólù tó ní irin lè pọ́n bí ìpẹtà bí kilorín bá kàn án. Oògùn yín kò bàjẹ́. Irin inú omi ló ń yọ jáde, yóò sì rọlẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra táǹkì tuntun, dúdú ni kí ẹ mú: ìmọ́lẹ̀ kò wọ inú rẹ̀, nítorí náà èéhù aláwọ̀ ewé kì í hù síbẹ̀. Kilorín sì máa ń jẹ táǹkì onírin.

Ẹ ra pépà ìdíwọ̀n kilorín pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi ẹ̀rọ tó jìnnà jù sí táǹkì. Bí kò bá tó mílígíráàmù 0.5 nínú lítà kan, ẹ fi díẹ̀ kún un.