Ìtàn Nóà: Ìdájọ́ ni Kí A Kọ́kọ́ Kọ́ Ọmọ, Àbí Ìgbàgbọ́?

Ọ̀nà méjì ni olùkọ́ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní Àkúrẹ́ lè gbà kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ìkún omi. Ọ̀nà kìíní gba orí ìdájọ́: ìwà ipá kún ayé, òjò rọ̀ fún 40 ọjọ́, omi sì borí ilẹ̀ fún 150 ọjọ́. Ọmọ tó bá ti rí Odò Àlà nígbà tó kún kò nílò àlàyé púpọ̀. Ẹ̀rù á bà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rù nìkan kì í pẹ́ lọ́kàn ọmọdé.

Ọ̀nà kejì, tí èmi fara mọ́ jù, bẹ̀rẹ̀ láti inú Hébérù 11:7, níbi tí a ti kà pé nípa ìgbàgbọ́ ni Nóà fi kan ọkọ̀ nítorí ohun tí kò tíì fojú rí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fojú inú wo bàbá náà bó ti ń fi ọ̀dà kun ọkọ̀ tó gùn ní 300 ìgbọ̀nwọ́, nínú àti lóde, nígbà tí omi kò tíì dé rárá. Ìdájọ́ kò sọnù níbẹ̀, nítorí Jẹ́nẹ́sísì 7:16 sọ pé Olúwa fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn. Ìgbọràn ni ọmọ yóò kàn kọ́kọ́ mọ̀, kó tó gbọ́ nípa omi.