Àpótí Pírátíkà Físíìsì Tí Wọ́n Ń Tà Fún Àwọn Ilé Ìwé Ní Ìkòròdú: Ohun Tó Dára Níbẹ̀, Ohun Tó Yẹ Ká Tún Ṣe Kí Ọmọ Tó Fọwọ́ Kàn Án

Àpótí onípákó kan wà tí wọ́n ń gbé kiri fún àwọn ilé ìwé aládàáni àtàwọn olùkọ́ lẹ́sìnnì ní Ìkòròdú, láti Sábó dé Àgríc dé Ìgbógbó. Kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára, «Physics» nìkan ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Ilé ìwé tí kò ní yàrá sáyẹ́ǹsì, tó jẹ́ pé orí tábìlì kíláàsì ni wọ́n ti ń ṣe pírátíkà, ni wọ́n ṣe é fún. A ti lò ó fún SS1 títí dé SS3, mo sì ti wọn ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tó rà. Ṣùgbọ́n bó ṣe ti ọjà dé kọ́ ni kí ẹ ṣe gbé e síwájú ọmọ.

Ohun tí mo fi ń ṣèdájọ́ irinṣẹ́ físíìsì kò ju ẹyọ kan lọ: irú àṣìṣe wo ló ń ṣe? Irinṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé iye kan náà ló fi ń ṣì nígbà gbogbo. Bí abẹ́rẹ́ ámítà, irinṣẹ́ tó ń wọn iná tó ń kọjá nínú wáyà, bá ti jókòó sórí 0.04 kí iná tó wọ inú rẹ̀, ẹ máa yọ 0.04 kúrò nínú gbogbo ohun tó bá kà, ọ̀rọ̀ parí. Òmíràn wà tó jẹ́ pé á ṣì sókè lẹ́ẹ̀kan, á ṣì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò sì sẹ́ni tó mọ iye tó fi ṣì. Irú èyí ló ń fọ́n àwọn àmì orí gíráàfù ká, tí wọ́n á sì ní ọmọ ni kò mọ nǹkan án wọ̀n. Méjèèjì ló wà nínú àpótí yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ohun tó wà níbẹ̀. Sítáǹdì irin kan pẹ̀lú kílám̀pù rẹ̀, rúlà onígi tó gùn ní mítà kan, òṣùwọ̀n irin mẹ́wàá tí wọ́n kọ 50 g sí lára, sípíríǹgì méjì, bọ́ọ̀lù péńdúlọ́ọ̀mù àti òwú, stopwatch, gíláàsì onígun mẹ́rin, pátákó rírọ̀ pẹ̀lú pínnì, lẹ́ńsì tí wọ́n kọ 15 cm sí, tẹmómítà, ámítà, fólítímítà, súwíìsì, ilé bátìrì, wáyà pupa àti dúdú tó ní kílíìpù eléyín, àti wáyà ìdènà tí wọ́n nà sórí pátákó. Ìbéèrè mẹ́ta ni WAEC máa ń gbé sílẹ̀ nínú pírátíkà, méjì ni ọmọ máa mú níbẹ̀. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó wà nínú àpótí yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ohun tó kù ú kù, màá sọ ọ́ tí a bá dé ìdí iná.

Ibi òṣùwọ̀n irin ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìtànjẹ pọ̀ sí jù. Mẹ́wàá ni wọ́n, 50 g ló wà lára gbogbo wọn, ṣùgbọ́n méje péré ló dé ibẹ̀. Nínú mẹ́ta tó kù, ọ̀kan jẹ́ 47 g. Ẹ ò nílò ìwọ̀n oníná kí ẹ tó mọ èyí. Ẹ fi fáìlì onígun mẹ́ta tí àwọn káfíńtà fi ń pọ́n ayùn sábẹ́ rúlà, kí ẹ wá ibi tí rúlà náà ti dúró gbọọrọ fúnra rẹ̀. Ẹ má kàn gbà pé orí 50 cm ni; rúlà onígi yìí dúró lórí 49.7. Ẹ fi síríńjì onímìlílítà 50 láti ilé oògùn fa omi kún, ẹ tú u sínú nílọ́ọ̀nù kékeré. Omi mìlílítà kan jẹ́ gíráàmù kan, nítorí náà 50 g ti dé ọwọ́ yín nìyẹn. Ẹ so ó kọ́ ní 20 cm sí ibi tí rúlà ti dúró, kí ẹ so òṣùwọ̀n irin kọ́ sí òdìkejì, pẹ̀lú irú nílọ́ọ̀nù kan náà lófìfo kí ìwọ̀n nílọ́ọ̀nù má bàa yọ yín lẹ́nu. Bí rúlà bá dúró nígbà tí irin wà ní 20 cm, irin náà pé. Bó bá jẹ́ 21.3 cm ló ti dúró, ẹ sọ 50 di ìlọ́po 20, kí ẹ fi 21.3 pín in: 47 g ni irin náà.

Tí gbogbo mẹ́wàá bá fúyẹ́ níye kan náà, gíráàfù Hooke, èyí tó ń fi hàn bí sípíríǹgì ṣe ń gùn bí ẹrù rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, á ṣì tọ́ gbọọrọ, ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà nìkan ni yóò yàtọ̀. Ti pé àwọn kan pé, àwọn kan ò pé yìí ló burú, torí àmì kan á ga, èkejì á rẹlẹ̀, ó sì kù sọ́wọ́ irin tí ọmọ bá kọ́kọ́ mú. Àtúnṣe rẹ̀ ò wọ́n ẹni tó bá wà nítòsí ọ̀sà. Ẹ ra òjé díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn apẹja ní Ẹbúté, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ etí àwọ̀n, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ méjì lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ èyí tó fúyẹ́, kí ẹ máa dán an wò lórí rúlà títí yóò fi pé. Ẹ fọwọ́ tó fọwọ́ kan òjé pẹ̀lú ọṣẹ kó tó kan oúnjẹ. Májèlé ni òjé.

Sípíríǹgì dára gan-an, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Fún 50 g kọ̀ọ̀kan, ó ń gùn ní nǹkan bí 2 cm, ojú rúlà sì ń kà á láìsí wàhálà. Àmọ́ ẹni tó di ẹrù sínú àpótí náà kò rò ó dáadáa: òṣùwọ̀n mẹ́wàá ló fi sí i, 500 g, bẹ́ẹ̀ tí sípíríǹgì bá ti gbé ju 400 g lọ, kì í padà sí bó ṣe wà mọ́. Ọmọ tó bá sì rí irin mẹ́wàá, mẹ́wàá ló máa kọ́ sí i. Ẹ kó òṣùwọ̀n méjì sí apá kan, kí ẹ fi èyí tó kù ṣiṣẹ́, kí ẹ sì máa wo ibi tí ìdí sípíríǹgì wà kí ẹ tó so nǹkan kan kọ́ ọn àti lẹ́yìn tí ẹ bá ti já gbogbo rẹ̀ kúrò. Bí ojú méjèèjì ò bá bára mu, sípíríǹgì ti lọ.

Péńdúlọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ tí àpótí yìí ṣe dáadáa jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òwú tí wọ́n fi sí i kò wúlò. Òwú híhun tó ń fà ni, ó sì máa ń yí bọ́ọ̀lù bírí. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn aránṣọ fi ń rán jíǹsì ló dára. Ẹ má so òwú mọ́ ọ̀pá kílám̀pù, nítorí bí bọ́ọ̀lù ṣe ń fì, òwú á máa ká mọ́ ọ̀pá á sì tún máa tú, gígùn rẹ̀ ò ní dúró sójú kan. Ẹ gé pákó pẹlẹbẹ méjì, ẹ fi há òwú láàárín, kí ẹ sì fi kílám̀pù fún un. Láti ìsàlẹ̀ pákó yẹn dé àárín bọ́ọ̀lù gan-an ni ẹ ti máa wọn gígùn, kì í ṣe dé orí bọ́ọ̀lù.

Àlọ àti àbọ̀ ni ìfì kan. Ní gígùn 100 cm, ìfì 20 gbọ́dọ̀ súnmọ́ ìṣẹ́jú àáyá 40.2. Ní 50 cm, á súnmọ́ 28.4. Bí ẹ bá wọn T, tó jẹ́ àkókò ìfì kan, tí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, tí ẹ yà á sí gíráàfù pẹ̀lú gígùn ní mítà, ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà náà gbọ́dọ̀ wà nítòsí 4.04, nítorí pé ní agbègbè wa yìí, tó súnmọ́ ìlà ìdajì ayé, g, ìyẹn òǹkà bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan sọ́dọ̀ ara rẹ̀, jẹ́ nǹkan bí 9.78. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ wà ní ẹnu ọmọ. Bó bá ti ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ tó tẹ stopwatch, «ọ̀kan» ló máa kọ́kọ́ kà, nígbà tó yẹ kó kà «òdo». Ìfì 19 ló wọ̀n, 20 ló fi pín in, g á sì di nǹkan bí 10.8. Gíráàfù rẹ̀ á tọ́ gbọọrọ, ohun kan ò ní fi hàn pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, tí g bá ti ń ga ju 10.5 lọ tí gíráàfù sì mọ́ lóló, ẹ ní kí ọmọ náà kà á sókè sí yín létí. Ohun kejì ni fífì gbòòrò jù: bí wọ́n bá fà á dé igun 30, àkókò á fi nǹkan bí ìdá 1.7 nínú ọgọ́rùn-ún gùn sí i. Kó má ju igun 10 lọ, kí ẹ sì pa fáànù.

Stopwatch náà kò ní àléébù. Bátìrì rẹ̀ kékeré, bí ti aago ọwọ́.

Ìdí iná ni àpótí yìí ti kù díẹ̀ káàtó. Wáyà ìdènà tí wọ́n nà sórí pátákó dára: konstantán ni, ìyẹn àdàlú bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì, ìnípọn rẹ̀ jẹ́ SWG 28 (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ bí wáyà ṣe nípọn tó), mo sì rí ìdènà tó jẹ́ nǹkan bí 4.4 óòmù fún mítà kan, iye tó yẹ kó jẹ́ gan-an. Ẹ dán ti yín wò bákan náà, torí wáyà bàbà tí wọ́n kùn láwọ̀ fàdákà wà lọ́jà, ìyẹn ò sì ní dé 0.2 óòmù fún mítà kan. Ṣùgbọ́n wọn ò fi résísítọ̀ kankan, ohun kékeré tó ń dín iná kù, sí àpótí náà. Ámítà tó wà níbẹ̀, 1 A ni òpin rẹ̀. Bí ọmọ bá fi bátìrì méjì, tó jẹ́ 3 V, sí 20 cm wáyà yẹn, ìdènà tó kù níwájú iná kò tó óòmù kan, iná á ju ohun tí ámítà lè gbà lọ fíìfíì, abẹ́rẹ́ á gbá ògiri, wáyà á sì gbóná débi tí yóò jó ìka. Bí àwọn ámítà wọ̀nyí ṣe ń kú nìyẹn.

Ẹ lọ bá àwọn tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣàn ṣe, ẹ ra résísítọ̀ funfun onísìmẹ́ńtì tó jẹ́ 2.2 óòmù, oníwáàtì 5. Ẹ tò ó sí ojú ọ̀nà iná kan náà pẹ̀lú wáyà, kí ẹ sì lo bátìrì ńlá kan ṣoṣo, 1.5 V. Ní 20 cm, ámítà á kà ní nǹkan bí 0.5 A tàbí kó dín díẹ̀, ní 100 cm á wà nítòsí 0.2 A. Gbogbo rẹ̀ á wà láàárín ojú ámítà, ibi tó ti ṣeé kà. Kí súwíìsì wà ní ṣíṣí nígbà tí ọmọ ò bá kà á. Ká tì í, ká kà á, ká ṣí i.

Ohun kejì níbẹ̀ ni ilé bátìrì. Sípíríǹgì rẹ̀ jẹ́ irin lásán tí wọ́n fi nǹkan dídán bò, atẹ́gùn ọ̀sà wa yìí sì ń jẹ ẹ́ kíákíá. Tó bá ti dípẹtà, ẹ̀ẹ̀kan á gba iná, ẹ̀ẹ̀kan á kọ̀ ọ́, ámítà á máa gbọ̀n. Irú àṣìṣe kejì tí mo sọ lókè nìyí, èyí tí kò ṣeé yọ kúrò. Páálí ìfági (sandpaper) tó kúnná ni kí ẹ fi ha á kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹnu àwọn kílíìpù. Abẹ́rẹ́ ámítà tí kò jókòó sórí òdo, ìṣòro kékeré ni ní tirẹ̀: ìdè kékeré kan wà ní iwájú rẹ̀, ẹ fi sìkúrúdíráfà tẹ́ẹ́rẹ́ yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ wò ó láti ọ̀kánkán, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́.

Ti ìmọ́lẹ̀ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Gíláàsì náà mọ́, ojú rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Bí igun tó wọlé bá jẹ́ 30, èyí tó wà nínú gíláàsì gbọ́dọ̀ súnmọ́ 19.5, bó bá jẹ́ 60, á súnmọ́ 35.3. Tí ti ọmọ bá yàtọ̀ sí èyí, pínnì ló máa jẹ́: ó dà, tàbí orí rẹ̀ ni ọmọ ń tò dípò ìdí rẹ̀, tàbí ó gun méjì súnmọ́ra jù. Kí àlàfo àárín wọn tó 5 cm, ó kéré tán. Pátákó rírọ̀ inú àpótí náà tẹ́ẹ́rẹ́ jù, pínnì kì í dúró ṣinṣin lórí rẹ̀; ẹ lẹ páálí méjì mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ní ti lẹ́ńsì, ẹ kọjú rẹ̀ sí igi tó jìnnà lójú fèrèsé, kí ẹ gba àwòrán igi náà sórí bébà. Àlàfo láti lẹ́ńsì dé bébà ni òǹkà tó yẹ kó bá 15 cm tí wọ́n kọ sí i mu (focal length). Ti àpótí yìí jẹ́ 14.8 cm, kò burú.

Tẹmómítà olómi pupa ni. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sanwó, torí bí wọ́n ṣe ń gbé e kiri nínú ọkọ̀, omi pupa inú rẹ̀ a máa já sí méjì. Èyí tó já á máa ka iye mìíràn. Ìkòròdú ò ga ju òkun lọ púpọ̀, nítorí náà omi tó ń hó gbọ́dọ̀ fún yín ní 100 tàbí kó fi díẹ̀ dín, yìnyín tó ń yọ́ gbọ́dọ̀ fún yín ní òdo. Ẹ kọ iye tó yàtọ̀ síra sórí bébà kékeré, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Igi àpótí náà ń fa omi lásìkò òjò, ìdérí rẹ̀ kì í fẹ́ẹ́ dé mọ́. Ẹ kùn ún ní fánísì tinú-tòde kí oṣù kẹfà tó wọlé, kí ẹ sì fi epo díẹ̀ nu òṣùwọ̀n àti ìdè sítáǹdì. Ẹ yọ bátìrì kúrò nínú ilé rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí. Èyí tí wọ́n bá gbàgbé síbẹ̀ lásìkò họ́lídè a máa tú omi sórí irin, kò sì sí páálí ìfági tó lè gba ilé bátìrì bẹ́ẹ̀ là.

Kíláàsì tó ní ọmọ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni àpótí kan lè tó fún, tí wọ́n bá pín ara wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: ọ̀wọ́ kan nídìí ìfì, ọ̀kan nídìí ìmọ́lẹ̀, ọ̀kan nídìí iná, kí wọ́n wá máa pààrọ̀. Ilé ìwé tó ní ogójì ọmọ ní SS3 gbọ́dọ̀ ra tó mẹ́rin, tàbí kó ra ẹyọ kan fún àwọn ohun ìmọ́lẹ̀ àti ìfì, kó wá fi owó tó kù ra ámítà àti fólítímítà lọ́tọ̀. Ọ̀nà kejì yìí ni mo fara mọ́, nítorí ìdí iná ni ọmọ máa ń pọ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni nǹkan ti máa ń tètè bàjẹ́.