Ihò static pẹrẹsẹ tí mo rà fún RV-9A mi: ó dùn ún wò, àmọ́ ó ń purọ́

Bàálù kékeré RV-9A ni mo fọwọ́ ara mi tò nínú gáréèjì ní Texas níbí. (Ẹ̀yin ará ilé tó bá ń yà lẹ́nu, Air Beetle tí wọ́n ṣe ní Kàdúná, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni, RV-6A ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀.) Ihò static ni ihò kékeré tí aago eré àti aago gíga fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ìta ṣe ń tì tó. Ìwé Van's, iléeṣẹ́ tó ṣe RV, ní ká fi orí pop rivet lásán (ìṣó kékeré tí wọ́n fi ń so irin pẹlẹbẹ pọ̀) ṣe é, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, lẹ́yìn bàálù. Ojú mi ò gbà á. Rivet lásán, lára ohun tí mo fi ọdún 6 tò? Ni mo bá ra èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé, tó tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ ara bàálù. Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, mi ò rí àléébù kankan: rọ́bà wọ̀ ọ́ ṣinṣin, kò jò, ó ń dán.

Ìgbà tí mo bá ń balẹ̀ ni wàhálà. Aago eré á ní nọ́ọ̀tì 65 (nọ́ọ̀tì la fi ń wọn eré bàálù), bàálù á sì máa léfòó lọ lórí ojú pápá bíi pé kò fẹ́ kan ilẹ̀ mọ́. Mo rò pé ọwọ́ mi ni kò dáa. Lọ́jọ́ kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, mo bi í lórí rédíò pé eélòó ni aago tiẹ̀ ń kà. Ó ní 124. Tèmi ń ka 118.

Aago ni mo kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn, mo ti ń wo iye tí wọ́n ń ta tuntun. Ọpẹ́lọpẹ́ rọ́bà kan tó mọ́ gaara. Mo tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà U mọ́ pákó, mo bu sóbò sí i kí ojú lè rí i (ẹ má fi ṣúgà sí i o, á wúwo jù), mo so ẹnu kan mọ́ ọ̀nà pitot (èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ bọ̀ níwájú wá fún aago eré), mo wá fi síríǹjì rọra ti afẹ́fẹ́ wọlé. Bí omi apá kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 16.6 ga ju èkejì lọ, nọ́ọ̀tì 100 ló yẹ kí aago kà. Bó bá jẹ́ 24, kó ka 120. Tèmi ka 100, ó ka 119. Aago ò jẹ̀bi. Mo fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ lápá static títí aago gíga fi gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000, mo dí i pa. Láàárín ìṣẹ́jú kan, 20 péré ló sọ̀. Òfin gbà tó 100. Kò sí ibi tó ń jò.

Ó wá ku ihò. Láàárọ̀ kùtù kan tí ojú ọ̀run pa rọ́rọ́, mo gòkè dé ẹsẹ̀ bàtà 4,000, ìwọ̀n otútù jẹ́ 7°C, mo di aago mú sí 120, mo fò sí àríwá, ìlà oòrùn, gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn. Mo ro eré tí GPS kà pọ̀, mo pín in sí mẹ́rin: 134. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, níbi tó ga tó yẹn, tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́, 120 tòótọ́ lórí aago ò gbọdọ̀ ju bí 127 lọ lórí GPS. Aago mi ń jẹ nọ́ọ̀tì bíi 6 mọ́lẹ̀. Aago gíga tó ń mí gba ihò kan náà ń fi bí ẹsẹ̀ bàtà 70 dín.

Lápá ẹ̀yìn bàálù yìí, afẹ́fẹ́ tó ń tì wọnú ihò le díẹ̀ ju ti ìta gbangba lọ. Ìyàtọ̀ àárín ti pitot àti ti static ni aago eré ń kà, torí náà bí ti static bá le jù, eré á dín lójú aago. Orí rivet tó yọ gọngọ yẹn ló ń mú kó sáré gba orí ihò, kó lè dẹ̀. Ohun tí mo fojú di, iṣẹ́ ló ń ṣe!

Mo lẹ téèpù alúmíníọ̀mù tín-ín-rín síwájú ihò kọ̀ọ̀kan. Ìpele méjì, àṣìṣe di 3. Ìpele mẹ́rin, ó di 1. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á. Ó ní ọ̀dà tí mo kùn ló fà á. Mi ò tíì kun bàálù náà.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún un. Bàálù tí wọ́n bá yàwòrán ẹ̀ pẹ̀lú ihò pẹrẹsẹ lè lò ó láìsí wàhálà. Ní tèmi, mo ti yọ ọ́, mo ti fi pop rivet sí i. Inú dúrọ́ọ̀ ni àwọn pẹrẹsẹ náà wà báyìí, wọ́n ṣì ń dán.